Ìlara Kampun àti Àwọn Kòkòrò Ṣẹ́dà

Ẹni tí inú ń bí nítorí pé ẹlòmíràn ń jẹun, ebi kọ́ ló ń pa á. Bí ọ̀rọ̀ Kampun ṣe rí gan-an nìyẹn ní abúlé wa ní Thailand.

Ìyàwó ilé kan náà ni òun àti Buala. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ Kampun, àbúrò ló fẹ́ Buala. Àwọn méjèèjì ń sin kòkòrò ṣẹ́dà nínú àtẹ, wọ́n sì ń fi òwú rẹ̀ hun aṣọ. Ṣùgbọ́n ti Buala ló máa ń dán jù. Ìyá ọkọ wọn a gbé e han àlejò, a ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ìyàwó mi kékeré." Kampun a rẹ́rìn-ín, a sì yára ká aṣọ tirẹ̀ pamọ́.

Nígbà tí Buala gba Jésù gbọ́ lọ́dọ̀ míṣọ́nnárì, ńṣe ni inú Kampun dùn. Ó rò pé ìṣubú Buala dé nìyẹn, nítorí kò bọ àwọn ẹ̀mí ilé mọ́. Láràárọ̀ ni Kampun ń kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń bu ìrẹsì gbígbóná sínú abọ́ àwọn mọ́ńkì, àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, kí iṣẹ́ rere náà lè mú ire bá a. Buala kò bá a kúnlẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, kòkòrò Buala ń sanra.

"Èmi tí mò ń jí fún àwọn mọ́ńkì, kí ni mo rí?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Tọ́jú tìẹ," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Àbí Buala ló dì ọ́ lọ́wọ́ mú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dé egungun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí Buala lọ sí ìsìn, Kampun rẹ tábà sómi, ó fún omi náà sórí ewé tí Buala já sílẹ̀ fún kòkòrò rẹ̀. Kò sí ọmọdé abúlé wa tí kò mọ̀ pé kòkòrò ṣẹ́dà kì í jẹ tábà kó yè. Gbogbo wọn kú, àfi àtẹ kan tí Buala kò fún nínú ewé náà.

"Àwọn ẹ̀mí ilé ló bínú sí i," làwọn ará abúlé ń wí. "Jésù rẹ̀ dà?" Kampun gbọ́, ó sì dùn mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ mi, ìlara burú.

Omi lásán ló fi ṣan ọwọ́, òórùn tábà kò sì lọ. Ọwọ́ yẹn náà ló fi já ewé fún kòkòrò tirẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó yè. Ó jókòó ti àwọn àtẹ òfìfo, ó ń sunkún, ó sì mọ ẹni tó ṣe é.

Buala wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ṣẹ́ ku àtẹ kan fún mi. Ẹ jẹ́ ká pín in."

Kampun kò lè gbà á. "Èmi ni mo pa tìẹ," ó wí. "Tábà ni mo fi pa wọ́n."

Buala dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Kampun rò pé àárín àwọn méjèèjì ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí Buala padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì gbé omi àti eérú lọ́wọ́.

"Inú ń bí mi, Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni Jésù dárí jì mí. Ṣé èmi ni màá wá máa ta ìdáríjì fún yín?"

"Ṣé irú èmi yìí lè wá sọ́dọ̀ Jésù?" Kampun bi í.

"Irú yín gan-an ló ń wá kiri."

Lọ́jọ́ náà ni Kampun gbàdúrà sí Jésù. Ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ará abúlé, ó ní, "Ẹ̀mí kankan kọ́, èmi ni." Ìyá náà kọ ẹ̀yìn sí i. Ojú ti Kampun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Ó fi eérú fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Buala fi ewé tútù sínú ọwọ́ náà, ó sì ti àtẹ kan ṣoṣo tó kù sí iwájú rẹ̀. "Ẹ fún wọn lóúnjẹ," ó wí.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, ta ni ire rẹ̀ kì í jẹ́ kí o sùn? Ó lè jẹ́ pé o ń ṣoore, o ń gbààwẹ̀, o tilẹ̀ ń jókòó ní iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ o ń retí ìṣubú ẹnì kan. Iṣẹ́ rere kò lè wẹ èyí nù. Dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Jésù lónìí. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, síbẹ̀ ó ń pè ọ́.