Ẹni Tí A Lé àti Ẹni Tí A Kó Lọ

Òòlù balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, eyín fò jáde lẹ́nu ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àgbà, onítọ̀hún ṣubú sórí èérún pákó. Iná tún gbé òòlù sókè. Iná ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pe ọmọbìnrin náà, torí ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́ ràn.

"Lù ú sí i! Ṣebí ìyá ẹ ló bú!" Pẹ́ńpé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń kígbe bẹ́ẹ̀, tó ń ta ẹni tó ṣubú nípàá títí egungun ìhà fi kán.

Láàárín àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú náà, ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú ìjìyà méjì. Alága ẹgbẹ́ pè wọ́n.

"A lè lé yín kúrò nílùú. Ẹ lọ síbi tó wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ tẹ ibí mọ́ láé. Tàbí ká dè yín, ká kó yín lọ sílé ìlagi nínú igbó. Ẹ ó ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó fọ́dún méjì, ẹ ó sì padà wálé."

Pẹ́ńpé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ lé mi, bàbá! Ta ló ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ ìdè? Iná, má ya òmùgọ̀ o."

Ìtìjú pé wọn yóò dè é gba ìgboro kọjá ń pa Iná. Bàbá rẹ̀ rọra sọ pé, "Ọmọ mi, àjò kì í dùn kónílé má relé."

Iná sunkún, ó ní kí wọ́n kó òun lọ.

Pàṣán ni ọ̀gá ilé ìlagi fi ń pe èèyàn. Ayùn gé ọmọńdinrín Iná já. Ó ṣépè fún ara rẹ̀ títí ọdún méjì fi pé, tó sì wálé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá Pẹ́ńpé kú. Pẹ́ńpé yọ́ wọ̀lú. Etí sàréè ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ká a mọ́, wọ́n fi pákó lù ú bolẹ̀, wọ́n wọ́ ọ jù sẹ́yìn odi ìlú. Iná bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbọ́. Ó tẹ̀ lé e, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀.

"Kò síbi tí mi ò dé tán," Pẹ́ńpé ní, "àmọ́ wọn ò jẹ́ n bu erùpẹ̀ sórí ìyá mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ìyà jẹ ẹni tí a kó lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́jọ́ àtibọ̀. Ẹni tí a lé ló ní gbogbo ayé, àfi ilé. Ìbínú ìṣẹ́jú kan ló sì mú àwọn méjèèjì débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa ní sùúrù.