Páìpù Tó Léfòó ní Aivaro

Àwọn obìnrin tó ń lọ fọ sàgò, ìyẹ̀fun inú ọ̀pẹ irà, ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irà Aivaro ti kún dẹ́múdẹ́mú. Páìpù gáàsì tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá sì yọ ẹ̀yìn sójú omi bí ọ̀nì, ó dúdú, ó gùn, ó tẹ̀ láàárín bí ẹni pé yóò kán. Wọ́n ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n figbe bọnu.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ti gáàsì pa, ọlọ́pàá sì ti gbé Posu Karava, arúgbó tó ni ilẹ̀ náà, sọ sí àtìmọ́lé ní Kikori. Neville Sturrock, òyìnbó Ọsirélíà tó gba iṣẹ́ rírì páìpù, ló fẹ̀sùn kàn án. Ó ní Posu àtàwọn èèyàn rẹ̀ ló gbẹ́ páìpù jáde, tí wọ́n sì jí òkúta kọnkéré tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Ruta Karava gbọ́ ní Port Moresby, olú ìlú, ara rẹ̀ gbóná bí ẹni tí ibà mú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Posu. Ruta fúnra rẹ̀ sì ni ẹnjiníà tó ya àwòrán páìpù náà. Ó mọ̀ pé páìpù tí gáàsì kún inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí agolo òfìfo. Ẹrẹ̀ lásán kò lè mú un dúró nínú omi. Ìdí nìyẹn tó fi kọ ọ́ pé kí òkúta kọnkéré kan gun páìpù lẹ́yìn ní gbogbo mítà márùn-ún. Àbí ìṣirò òun ló ṣìnà? Nínú ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e lọ sí Kikori, ó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pé.

Sturrock ti jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá kó tó dé.

"Ọmọbìnrin," ó ní, "bóyá ìṣirò rẹ ni kò dáa, bóyá bàbá rẹ lolè. Mú ọ̀kan."

"Òkúta kan wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì. Irínwó ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kí ni ẹni àádọ́rin ọdún fi kó o? Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n?"

"Wọ́n fọ́ ọ ni."

"Àfọ́kù rẹ̀ dà?"

"Irà gbé e mì." Ó dìde, ó ń súfèé lọ.

Nínú àtìmọ́lé, Posu kò gbójú sókè. "Wọ́n ní mo jalè lórí ilẹ̀ baba mi."

"Ṣé ẹ ti jẹun, Bàbá?"

"Má bi mí léèrè oúnjẹ. Lọ bi irà náà léèrè."

Ruta lọ bi irà. Òun àti Sájẹ́ǹtì Wamuna, ọlọ́pàá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi ọ̀pá irin gún ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gún ibi tí páìpù ti yọ. Wọ́n gún ibi tí kò tíì yọ, tí koríko ti hù bò ó, tí ọkọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn. Ọ̀pá ń kan páìpù. Kò kan òkúta kankan.

"Wọn ò jí i," ni Ruta wí. "Wọn ò fi í síbẹ̀ rí."

Wamuna lọ mú Miro, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tó fi ń kó ẹrù fún Sturrock.

"Ibo lo já òkúta sí?"

"Aivaro."

"Tún un sọ."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo lọ́mọ nílé."

"Posu náà lọ́mọ. Ibo?"

Miro wolẹ̀. "Ilé ìgbafẹ́ àwọn òyìnbó tó ń pẹja ṣeré, létí òkun. Àna Sturrock ló ni ín. Wọ́n fi mọ odi kí òkun má baà jẹ ilẹ̀ wọn."

Nígbà tí wọ́n wa ọkọ̀ débẹ̀, odi náà funfun báláú. Ruta fa àdá yọ nínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ó ṣá a bí ẹni ṣá ejò. Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára òkúta kọ̀ọ̀kan yọ: igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Nínú ìwé tí Sturrock fọwọ́ sí, òkúta tó ní nọ́ńbà yẹn wà lábẹ́ irà Aivaro.

"Ó ń sá lọ!" ni Wamuna kígbe.

Sturrock, tó ti ń mu bíà lábẹ́ òrùlé ilé ìgbafẹ́ náà, ti bẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń yára. Wọ́n gbá tẹ̀ lé e. Ó yà sí ọ̀tún, ó yà sí òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù wọ́n, ó sì já wọ ẹnu odò kékeré kan. Wamuna fẹ́ wọlé tẹ̀ lé e, Ruta di í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ dúró. Omi òkun ń fà sẹ́yìn."

Kò pẹ́ tí omi fi gbẹ lábẹ́ ọkọ̀ Sturrock. Ó fò bọ́ sílẹ̀ kó lè sá wọ igbó. Ẹrẹ̀ gbà á dé itan.

"Ẹ fà mí jáde! Ẹ fà mí jáde!"

Wọ́n fi okùn fà á, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ní àgọ́, ó jẹ́wọ́. Ó ti rò pé ẹrẹ̀ á mú páìpù náà fún ọdún bíi mélòó kan, òun á sì ti lọ.

"Arúgbó yẹn ńkọ́?" ni Ruta bi í.

"Ẹnì kan ní láti jẹ́ olè."

Ruta gbéra sí i. Wamuna dúró sáàárín àwọn méjèèjì.

Wọ́n mú Posu jáde lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n ní kí Sturrock ka ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú arúgbó náà. Ó ń kùn ún sínú.

"Ẹ ní kó pariwo," ni Posu wí. "Ìyàwó mi wà níta, àtàwọn ará ilé mi."

Sturrock pariwo. Níta, Heni, ìyàwó Posu, jókòó bàmù sílẹ̀, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Posu gbọ́wọ́ lé Ruta léjìká. "Ó ti parí, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọlé."

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Wọ́n ń bọ̀ wá tún páìpù náà rì. Òkúta kọ̀ọ̀kan tó máa wọnú ẹrẹ̀ yẹn, ojú mi ni wọ́n máa ṣe é."