Ẹsẹ̀ Abìwo Lẹ́bàá Kànga

Kí o tó ka ọ̀rọ̀ yìí, kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó tì ọ́. Má kà á sókè. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ, sọ pé o ò mọ̀. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ṣì wà láàyè, àfi ẹnì kan ṣoṣo, ọmọdé sì lẹni náà.

Aláròyé ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Lọ́jọ́ Ajé, ó pọnmi kún ìkòkò, ó bá ìyá rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn lórí irun tó fẹ́ dì, lẹ́yìn náà ló ní inú ń run òun. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ó ti kú. Kò ṣubú. Ibà ò mú un. Kò jẹ ohun tí àwọn yòókù ò jẹ. Ètè rẹ̀ kàn dúdú ni. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé e tọ̀ lọ mi orí, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Ilé aláwọ nilé náà. Bàbá Aláròyé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aláwọ, ló ń rẹ awọ ẹran sómi, tó ń bó irun rẹ̀, tó ń sá a sórí okùn. Àbúrò rẹ̀, Oníbàtà, ló ń fi awọ náà rán bàtà ní yàrá iwájú. Àǹtí Àgbà, àbúrò bàbá wọn lóbìnrin, ló tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà, òun ló sì ń pàṣẹ fún gbogbo ilé látorí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ewúrẹ́ mẹ́rin ti kú nínú ilé yẹn. Oyún bàjẹ́ lára ìyàwó Aláwọ. Ewébẹ̀ tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga rọ dà sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná lé e. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló fà á. Ohun tí gbogbo wọn ń bèèrè ni pé, ta ni?

Ìyàwó Oníbàtà ni wọ́n ń wò.

Abìwo ni. Ìwọ náà á ti rí wọn rí, bí kò tiẹ̀ ju lọ́ọ̀ọ́kán lọ. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń rìn bíi tiwa, àmọ́ pátákò àgbọ̀nrín ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Etí wọn ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan á máa gbọ́ ohun tí o ń sọ níwájú, ìkejì á máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn. Tọkùnrin tobìnrin wọn ló ń hu ìwo kékeré, ìwo náà á já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á hù. Bí Abìwo bá dúró jẹ́ẹ́ láàárín igi, ojú rẹ á sọ ọ́ nù, bẹ́ẹ̀ o lè na ọwọ́ kàn án.

Ìwo tó bá já bọ́ ni wọ́n ń tà fún àwọn oníbàtà láti fi ṣe bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni Oníbàtà ti rí tirẹ̀. Ọdún méjì ni àdúgbò fi rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo oníbàtà tó lọ fẹ́ ẹni tí kò lè wọ bàtà!" Abìwo pàápàá máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Aláròyé kú, ẹ̀rín náà tán.

"Ẹ wo ọmọ ẹ̀," ni Àǹtí Àgbà wí, gbogbo ilé ló sì ń gbọ́. "Ọmọ oṣù mẹ́rin! Inú koríko lẹ́yìnkùlé ló ń tẹ́ ẹ sí látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ ọ̀hún ò sì ké. Ọmọ gidi wo ni kì í ké?"

"Bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ nìyẹn, Àǹtí," Oníbàtà dáhùn. "Ọmọ wọn ò ní òórùn lára, ìyá ló ní. Bí ìyá bá dúró tì í, ohun búburú á mọ ibi tó wà. Ó ń jìnnà sí i nítorí pé ó fẹ́ràn ẹ̀ ni."

"Ó fẹ́ràn Aláròyé náà nìyẹn? Ọjọ́ méjì tọ́mọ fi wà nílẹ̀, kò yọjú sí i lẹ́ẹ̀kan!"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Àǹtí. Ó fẹ́ràn ẹ̀."

Àǹtí Àgbà pòṣé. "Wọ́n ti ṣe ọ́, ọmọ yìí. Wọ́n ti ṣe ọ́ ní ṣíṣe."

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀, Aláwọ lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ó rí Abìwo tó jáde sínú koríko tó ṣì tutù. Àwọn ẹyẹ kéékèèké fò wá láti orí igi, wọn ò kéré sí mẹ́fà. Ọ̀kan bà lé èjìká rẹ̀, méjì bà sórí ìwo, wọ́n ń ṣá nǹkan jẹ ní ọrùn rẹ̀, kò sì lé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé nǹkan sókè. Lójijì ìwo rẹ̀ ràn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀yinná tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí.

Ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀. Ìwo Abìwo máa ń tàn bí wọ́n bá ń fọ́mọ lọ́mú, ìdájí àti àṣálẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọdún méjì tí Aláwọ fi bá a gbé, kò mọ̀. Kò bi í rí.

Ó tẹ́ ọmọ náà padà, ó lọ sẹ́bàá kànga. Etí rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ẹnu kànga. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó fi janlẹ̀. Kò! Kò! Kò! Ó wá yíjú wo ilé, bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnìkan sáré jáde. Kò sẹ́ni tó jáde.

Aláwọ lọ ròyìn fún Àǹtí Àgbà.

"Kí ló tún kù?" ni màmá náà wí. "Iná ń jó lórí ẹ̀. Ẹyẹ ń bà lé e. Ó ń fẹsẹ̀ pe ikú jáde nínú kànga wa. Àjẹ́ ni! Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, níwájú gbogbo àdúgbò, yóò mu omi kànga náà. Bó bá kú, a ti mọ̀. Bó bá kọ̀, a ti mọ̀. Yóò lọ, ọmọ á sì dúró. Ọmọ tiwa ni."

Oníbàtà wọ yàrá lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Abìwo kì í mu ohunkóhun bí kò ṣe ọmú ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá lọ, ọmọ náà ò ní lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Àwọn méjèèjì mọ̀.

"Kí ló dé tí o ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́bàá kànga?"

Etí Abìwo dìde. "Ẹ̀ ń gbọ́ ọ?"

"Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ!"

"Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ, kí ló dé tí ẹ ò sá?"

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?" ni Oníbàtà bi í.

"Ìkìlọ̀ ni," Abìwo ní. "Àwa kì í fẹnu kìlọ̀. Bí o bá fẹnu kìlọ̀, ohun tó ń bọ̀ á mọ ibi tí o dúró sí. Ẹsẹ̀ la fi ń sọ ọ́, kí ilẹ̀ lè gbé e dé ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn. Ọmọ ọjọ́ kan nílé wa mọ̀ ọ́n. Omi yẹn ti ń rùn láti oṣù mẹ́ta. Èmi ò mu ún mọ́ láti ìgbà náà, omi ìrì ni mò ń lá. Àràárọ̀ ni mò ń sọ fún yín. Mo rò pé ẹ gbọ́, pé ẹ kàn láyà ni."

Oníbàtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn bàtà. Ó ní, "Dìde, ká gbé ọmọ. Ká lọ."

"Rárá o."

"Wọ́n á pa ọ́!"

"Sísá niṣẹ́ tiwa látọjọ́ tí wọ́n ti ń bí wa. Ìyá mi sá, ìyá tó bí i sá. Èmi fẹ́ yín kí n lè dúró sójú kan. Ilé mi nìyí. Ẹni tí ara ń ni ni kó lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé kún, èmi náà wà níbẹ̀. Agbẹ́kànga ni wọ́n pè wá fa omi, bàbá àgbàlagbà tó gbẹ́ kànga náà fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ ará ilé kàn án. Ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù funfun kan, ó gbé e fún Abìwo.

Abìwo gbà á. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ débi pé eruku sọ, àwọn tó wà níwájú sì fò sẹ́yìn.

"Mi ò mu ún," ó ní.

"Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́!" Àǹtí Àgbà ké. "Àjẹ́ ti jẹ́wọ́!"

"Mi ò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mi ò mu ún, mi ò sì kúrò níbí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ mi. Ẹ ní èmi ni mo fi ikú sínú omi. Ó dáa. A jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́ lè mu ún. Àǹtí, ọwọ́ yín mọ́. Ẹ gbà."

Ó na kọ́ọ̀bù náà sí i. Àǹtí Àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú ti pọ̀ jù. Ó gbà á, ó gbé e dé ẹnu. Omi dà sí aṣọ rẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀bù náà kalẹ̀.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí," ó ní.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè pa ẹnu dé.

Agbẹ́kànga tẹ̀ síwájú. Ó gbé kọ́ọ̀bù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tutọ́. Ó so okùn mọ́dìí, ó ní kí àwọn ọkùnrin mẹ́rin dì í mú, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ìyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òórùn rẹ̀ sì ta wá nímú.

"Ògiri kànga ń jò," ó ní. "Apá ibi tí ṣáláńgá àtijọ́ wà ló ti ń jò wọlé. Kẹ́míkà awọ nìyí. Ta ló ń dà á síbẹ̀?"

Ó ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó yíjú sí i. Aláwọ ni.

"Èmi ni," ó ní. "Èyí tuntun tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì ni, ọjọ́ kan ló fi ń bó irun. Tẹ́lẹ̀, bárò ni mo fi ń ti ìdọ̀tí rẹ̀ lọ kọjá ilé tó kẹ́yìn. Àǹtí ní ọ̀nà náà jìn, pé iṣẹ́ ń dúró, kí n máa dà á sí ṣáláńgá. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ á gbé e lọ. Ẹ gbà mí o! Èmi ni mo pa ọmọ mi!"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó síbi tó wà, kò lè sunkún.

Àǹtí Àgbà fi aṣọ nu ojú. "Ta ló lè mọ irú ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé ó ti yé wa. Ìyàwó, má bínú. Lọ gbé ọmọ ẹ."

Abìwo kò mira. Etí rẹ̀ méjèèjì kọjú sí màmá náà.

"Àǹtí, omi ẹ̀rọ tó wà nínú ìkòkò lábẹ́ ibùsùn yín, mò ń gbóòórùn ẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi tó mọ́ ni. Ìgbà wo lẹ ti ń mu ún?"

"Ara àgbà ni. Ikùn mi ò gba omi kànga mọ́."

"Ìgbà wo ni, Àǹtí? Kí Aláròyé tó kú ni, àbí lẹ́yìn tó kú?"

Aláwọ gbé orí sókè. "Àǹtí, ẹ dá a lóhùn."

Àǹtí Àgbà tún fi aṣọ nu ojú.

"Àǹtí! Ẹ mọ̀ pé omi náà ti bàjẹ́ ni?"

Abìwo fa àpótí ìjókòó kan, ó gbé e síwájú màmá náà gan-an, ó jókòó. "Mi ò kánjú," ó ní. "Àwa lè dúró jẹ́ẹ́."

Àǹtí Àgbà wo Aláwọ, ó wo gbogbo wa.

"Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́," ó ní. "Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."