Ìgò Tí Mi Ò Lè Kọ Sára Pátákó

"Ẹ tẹ orí yín sílẹ̀ jàre! Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ wò ó ni?"

Sìmbíátù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Yàrá Sàlámì ti kún, kò ráyè wọlé. Sàlámì ń wa ọkọ̀ láti Ajah sí Ọbáléndé, òun nìkan ló sì ní tẹlifíṣọ̀n ní àdúgbò wa ní ọdún 1986. Iná ìjọba kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ ló máa ń tú wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á so wáyà mọ́ ọn, àwòrán dúdú àti funfun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú gíláàsì.

Kàtúùnù ilẹ̀ Jàpáànù ni àwọn ọmọdé ń dúró dè. Ọkùnrin onírin kan ni, ó ga ju igi àgbọn lọ. Bí ọ̀tá bá lù ú ṣubú, apá rẹ̀ á já. Á dìde, á gbé apá náà, á fi í sí àyè rẹ̀ padà, ìjà á tún bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, àwọn ọmọ wa kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wọ́n ti mọ ohun tó máa sọ kó tó la ẹnu.

Àwọn ọmọ ni mo sábà máa ń wò, n kì í wo onírin. Ọmọ tí kò lè ka ìlà kan fún mi nínú ìwé yóò ro ìjà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún mi láìfo ọ̀kan. A jẹ́ pé orí rẹ̀ kò kú. Àwa tí à ń kọ́ ọ ni ká yẹ ara wa wò.

Sìlífátù ni orúkọ mi. Wọ́n ń pè mí ní Tíṣà, ṣùgbọ́n n kò lọ sí iléèwé kankan. Ara páálí ọṣẹ àti agolo sadíìnì ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Àwọn tó ń yan ẹja ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ máa ń bí mi nínú. Bí ẹja bá ti rà, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ pé ó ti rà.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, onírin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú ni wọ́n gé e dúró. Kàtúùnù mìíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya ọmọ kan tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n ya ìyá rẹ̀, wọ́n ya ìgò, ṣíbí àti ṣúgà. Ohùn obìnrin kan ń sọ ọ́ ní Yorùbá: "Omi tó kún ìgò bíà kan. Hóró ṣúgà márùn-ún. Iyọ̀ ṣíbí kékeré kan."

"Kí ló wí?" Sàlámì fò dìde. "Bíà? Nínú ilé tèmi?"

"Bọ̀ọ̀dá, wọn ò ní kí ẹ mu ún!"

"Mo mọ̀ pé wọn ò ní kí n mu ún! Ṣé ó yẹ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún mi ni?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ní tiwọn ń pariwo pé kí onírin padà wá.

Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Láàárín oṣù yẹn a ti sin ọmọ méjì ní Addo, nítòsí wa, ìgbẹ́ gbuuru ló pa àwọn méjèèjì. Mo yọ bébà, mo kọ gbogbo ohun tí obìnrin náà wí sílẹ̀, títí kan ìgò bíà.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo gbé pátákó dúró. Mo ní kí àwọn obìnrin mú síléètì wọn. Mo kọ ọ́ pé: Omi tó kún ìgò.

Ọwọ́ mi dúró níbẹ̀. Alfa Àlàní jókòó sórí àpótí níwájú mọ́ṣáláṣí, ó ń fi omi kẹ́tù fọ ẹsẹ̀. Òun ló fún wa ní àtíbàbà náà. Bó bá gbé ojú sókè, pátákó mi ló máa rí. Mo wo bébà ọwọ́ mi, mo wo Alfa. Mo fo bíà. Mo kọ "kan", mo kọjá sórí ṣúgà.

"Tíṣà," Sìmbíátù pè mí láti ẹ̀yìn, "ìgò wo?"

Òun ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ní Sátidé. Kò rí nǹkan kan, kò sì gbọ́ dáadáa.

"Ìgò ni mo wí. Ṣé o ò mọ ìgò ni, Sìmbíátù?"

"Mo mọ ọ́n. Ṣé ti epo ni àbí ti..."

"Sìmbíátù, jókòó."

Àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Àwọn méjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wolẹ̀. Ojú ń ti àwọn náà.

Wọ́n da gbogbo rẹ̀ kọ. Nùsírátù tó ń yan ẹja ní Addo ni ìkọ̀wé rẹ̀ dára jù. Kò sí lọ́dọ̀ Sàlámì ní Sátidé, ẹja wà lórí iná rẹ̀. Ó gbé síléètì rẹ̀ lọ sílé, kò nu ún. Ó fi í ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀, Sìmbíátù kan ilẹ̀kùn mi.

"Tíṣà, ẹ wá wo Gàníyù, ọmọ Nùsírátù. Ó ń ṣu láti àná. Omi yín yẹn, kò jọ pé ó ń ṣe é lóore."

"Ṣé ó po ó dáadáa?"

"Ẹ wá wò ó."

A rìn lọ sí Addo. Oṣù mẹ́sàn-án ni Gàníyù. Ó wà lórí itan ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún, igbe náà kò sì ní agbára nínú. Bí ó bá ti rí ife, á fa ara rẹ̀ sí i. Á mu ún, á yí ojú, á tún máa wá omi kiri.

"Mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, Àǹtí," Nùsírátù wí. Ó nawọ́ sí síléètì. Bí ó ṣe kọ ọ́ nìyẹn lóòótọ́, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. "Ìgò kejì rèé láti ìdájí. Òùngbẹ ọ̀hún kò dá."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Tún bù ú sí i. Ó nílò rẹ̀ ni."

Mo ti fẹ́ gbé e sí ọmọ náà lẹ́nu nígbà tí ẹnì kan gba ife náà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì Ọlákẹ́mi ni, láti dìsípẹ́ńsárì. Sìmbíátù ti lọ pè é kó tó wá kan ilẹ̀kùn mi, kò sì béèrè lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì tọ́ omi náà wò. Ó tutọ́ rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé.

"Ìyá Gàníyù, ìgò wo lẹ fi wọn omi yìí?"

Nùsírátù fa ìgò mínírà kan yọ lábẹ́ tábìlì. Ó ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán.

"Ìgò bíà ni wọ́n ní kí ẹ fi wọ̀n ọ́n."

"Bíà?" Nùsírátù gbé ojú sókè. "Nọ́ọ̀sì, bíà kì í wọ ilé yìí. Àǹtí Tíṣà ò sì sọ fún wa pé bíà ni."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Mo lè sọ pé mo gbàgbé. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ẹnu mi.

"Mo mọ̀ ọ́n," mo ní. "Ojú ló tì mí, mi ò kọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì kò bú mi. Ó ti ń tú aṣọ lára ọmọ náà. "Ìdajì ìgò bíà ni ìgò yìí ń gbà," ó wí fún Nùsírátù. "Iyọ̀ ìgò méjì lẹ kó sínú ẹyọ kan. Iyọ̀ tó bá ti pọ̀ jù, omi ara ọmọ ló máa ń fà. Bó ṣe ń mu ún ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ sí i. Ẹ da ìyẹn nù. Ẹ fún un lọ́mú. Ilé ìwòsàn ńlá là ń lọ báyìí."

Sàlámì ti kó èrò kún ọkọ̀ tán nígbà tí Sìmbíátù sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ bọ́ọ́lẹ̀," ó sọ fún àwọn èrò. "Ẹ má bínú. Ẹ bínú pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ọ́lẹ̀."

Wọ́n gbé ọmọ lọ sí Èkó. Nọ́ọ̀sì bá wọn lọ. Èmi padà sábẹ́ àtíbàbà. Ohun tí mo kọ ṣì wà lára pátákó, nítorí mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe nu ún. Mo jókòó tì í. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ènìyàn tó ń fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bo nǹkan, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fò níbí, nítorí kí Alfa má baà fojú burúkú wò mí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Gàníyù lò lọ́hùn-ún. N kò lè jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ Sàlámì dé, ó ń fọn fèrè láti òkèèrè. Nùsírátù bọ́ọ́lẹ̀, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn. Ọmọ náà ń fa ìborùn rẹ̀ já.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Nùsírátù dì mí mú.

"Ẹ dìde, Àǹtí. Ẹ lọ kọ bíà náà sí i."

Mo lọ bá Alfa Àlàní. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì béèrè bóyá mo lè kọ bíà sára pátákó tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí.

Ó ronú díẹ̀. "Tíṣà, ṣé o fẹ́ mu ún ni?"

"Áà, rárá, Alfa!"

"Ṣé ọmọ Nùsírátù ló fẹ́ mu ún?"

"Rárá o."

"Ìgò òfìfo, tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tí wọ́n fẹ́ fi wọn omi. Kí wá ni mo fẹ́ sọ sí i?" Ó rẹ́rìn-ín. "O kò béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kìíní. Ìwọ fúnra rẹ lo bá mi dáhùn."

Ó ku ẹni tó máa lọ gba ìgò wá ní ilé ọtí tó wà létí títì. Gbogbo wọn ń wo ara wọn. Sìmbíátù dìde, ó wé ìborùn rẹ̀ dáadáa.

"Èmi á lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rí mi níbẹ̀, kó béèrè ohun tí mo wá ṣe."

Ó padà dé, ó di ìgò náà mú lọ́rùn bí ẹni mú adìẹ. Ariwo ẹ̀rín kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Nọ́ọ̀sì Ọlákẹ́mi náà ti dé. Ó ní kí a fọ ìgò náà, kí a pọn omi kún un, kí a sì dà á sínú ìgò mínírà. Ọ̀kan kún. A mú ìkejì wá, òun náà kún. Omi tán nínú ìgò bíà. Kàtúùnù kò fi ìyẹn hàn wá, èmi náà kò fi hàn wọ́n.

A wá po ó pẹ̀lú omi tí a ti sè tó sì ti tutù. Olúkúlùkù tọ́ ọ wò.

"Bí omi ojú ni kó rí lẹ́nu yín," Nọ́ọ̀sì wí. "Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omi ojú lọ, ẹ dà á nù."

Nùsírátù tọ́ tirẹ̀ wò, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ti ọjọ́ yẹn jù ú lọ," ó ní. "Mo ti ń sunkún nígbà tí mò ń po ó. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi, ǹ bá ti mọ̀."

Ẹ̀yin ìyá, ohun tí mo kọ sára pátákó lọ́jọ́ náà nìyí, n kò sì fo nǹkan kan mọ́. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ wọn omi mímọ́ tó kún ìgò bíà kan, tàbí ìgò mínírà méjì. Ẹ fi hóró ṣúgà márùn-ún sí i, pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí kan. Ṣíbí ike kékeré tí wọ́n ń fún wa ní dìsípẹ́ńsárì ni mò ń wí, kì í ṣe ṣíbí ìjẹun, ẹ sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ré orí iyọ̀ náà. Ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó tọ́ ọ wò. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù, ẹ po òmíràn. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí òùngbẹ rẹ̀ kò dá, ẹ má dúró dè mí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni yòówù tó bá ń kọ́ yín ní ohun tí ẹ máa fi sẹ́nu ọmọ, ì báà jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ì báà jẹ́ èmi, ẹ bi í pé ìgò wo. Bó bá ní kí ẹ jókòó, ẹ dúró lórí ìró, kí ẹ tún un bi.