Aránṣọ Tó Dáṣọ fún Bàálù

Abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu aránṣọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tòun ti ìdì aṣọ ràbàtà léjìká. Ó sọ ìdì náà kalẹ̀, ó nu òógùn ojú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé ẹ lè bá mi rán aṣọ ìyẹ́?"

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Irú ẹyẹ wo ni, ọ̀gá? Kí n lè mọ bí màá ṣe wọn àyà rẹ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàálù ni, mà. Mò ń kàn án lọ́wọ́ nínú gáráàjì ilé mi."

Ìgbà náà ni aránṣọ mọ ẹni tó jẹ́. Òun ni ọ̀gá tó ń tún fíríìjì ṣe ní òpópónà kejì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Páílọ́ọ̀tì Inú-Ilé. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń to bàálù kékeré kan tó rà ní ẹyọ ẹyọ, tí wọ́n kó wá nínú àpótí. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ní pápá bàálù kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú, ó sì ti gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí bàálù ọ̀hún níta, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni aránṣọ. Kò sí ẹni tó mọ aṣọ ìyàwó rán bíi tirẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí gáráàjì náà. Ká má parọ́, ó fẹ́ lọ wo wèrè ni.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Bàálù náà jókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, tó ku egungun. Ìrù rẹ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà wọ ilé ìdáná. Tí onílé bá fẹ́ mu omi, àfi kó bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló wà nínú agolo mílíìkì, ó sì kọ orúkọ sára agolo kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ fi ìka ra egungun ìyẹ́ kan. Ó dán bí abọ́.

"Ta ló kọ́ yín tí ọwọ́ yín fi mọ́ tó báyìí?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè ìyẹn. Àwọn tó kù, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ìgbà wo ni màá kú."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn tí aránṣọ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á gba gáráàjì lọ. Ó rán aṣọ náà bí àpò ìrọ̀rí, wọ́n fà á bọ ìyẹ́, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi fà le koko. Lẹ́yìn náà ló wá kan ibi tó le jù: wọ́n ní láti fi òwú so aṣọ mọ́ egungun, kókó kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n gbé ìyẹ́ dúró lórí etí rẹ̀ bí ògiri. Aránṣọ dúró lápá kan, ọkùnrin náà dúró lápá kejì. Obìnrin á ti abẹ́rẹ́ gígùn náà wọlé, ọkùnrin á fà á, á sì dá a padà. Wọn kò rí ojú ara wọn. Ohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò tíì fẹ́yàwó?" aránṣọ béèrè lọ́jọ́ kan.

"Gbogbo ẹni tí mo mú wálé, bàálù ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọn kì í dúró rí mi." Abẹ́rẹ́ jáde, ó padà. "Ìwọ ńkọ́?"

Ọwọ́ aránṣọ dúró. "Ìwọ, àbí ẹ̀yin?"

"Ìwọ. Bí o bá gbà bẹ́ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ kò lọ, kò bọ̀. Aránṣọ dúpẹ́ pé aṣọ bo ojú òun. Nígbà tó yá, ó tì í wọlé.

"Fà á," ló wí. "Rọra o, olówó orí mi, kí òwú má já."

Kó tó di pé wọ́n so ìyẹ́ kejì tán, ìfẹ́ ti wọ wọ́n lára. Àmọ́ ìyá aránṣọ gbọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara pa wá. Mo ti bá wọn rán orí, mo ti bá wọn rán ẹsẹ̀. Ẹni tó já bọ́ láti òkè, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè rán an. Ṣé opó lo fẹ́ kí n wá máa tù nínú lọ́jọ́ ogbó mi?"

"Màmá, ó mọ ohun tó ń ṣe."

"Gbogbo àwọn tí wọ́n gbé wá ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kó ta bàálù, kó wá gbé ọ. Bí kò bá tà á, ẹ má retí mi níbi ìgbéyàwó."

Aránṣọ sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó ní, "Ayọ̀ mi, mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ìwọ ni mo yàn."

Ó yẹ kí inú aránṣọ dùn. Inú ló bí i. "Ṣé ìwọ nìkan lo kàn án ni? Ta ló so kókó ìyẹ́ yẹn? Ta ló tú odidi ìlà kan, tó tún un so, torí pé kókó kan dẹ̀? Bí o bá tà á, o ta ọwọ́ mi mọ́ ọn. Ọkùnrin tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀ ni mo nífẹ̀ẹ́, má sọ ọ́ di ẹlòmíràn mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi ni kí o jẹ́ kí n lọ bá ìyá mi."

Ó lọ. "Màmá, mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Mo wá pè yín kí ẹ wá wo iṣẹ́ mi. Ọjọ́bọ̀ ni alábẹ̀wò ìjọba, tó ń yẹ bàálù wò kó tó fò, ń bọ̀. Gbogbo ohun tó ń bà yín lẹ́rù, ẹ bi í."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìyá dé, ó fi àpamọ́wọ́ mọ́ àyà, ó dúró sẹ́nu gáráàjì.

Alábẹ̀wò mú tọ́ọ̀ṣì, ó mú dígí kékeré. Odidi wákàtí mẹ́rin ló fi wo inú wo ẹ̀yìn. Nígbà tó kan ìyẹ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ kókó kọ̀ọ̀kan láti òpin dé òpin.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Òun ni," ọkùnrin náà nawọ́ sí aránṣọ.

"Ilé iṣẹ́ bàálù wo lẹ ti kọ́ṣẹ́, mà?"

"Ṣọ́ọ̀bù ara mi ni, sà. Aṣọ ìyàwó ni mo ń rán."

Alábẹ̀wò mi orí, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá bá sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè ńkọ́?"

"Kì í já lulẹ̀ bí òkúta, mà. Ìyẹ́ ló máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí awakọ̀ bá mọ̀ ọ́n wà." Ó na ìka sí i. "Ìyẹ́ yìí, tí ọmọ yín rán."

Ìyá rọra sún mọ́ ìyẹ́. Ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ó wo ojú ibi tí ọmọ rẹ̀ rán náà bí ẹni ń wo ojú ọgbẹ́ tó ti jinná dáadáa. Kò tíì lọ sílé nígbà tí alábẹ̀wò fọwọ́ sí ìwé pé bàálù náà lè fò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tú ìyẹ́, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gbé e lọ sí pápá, wọ́n sì tún un tò níbẹ̀. Àdúgbò jáde tọmọdé tàgbà. Àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Òfin ni pé kí ọkùnrin náà nìkan dá fò nígbà àkọ́kọ́. Bàálù sáré lórí koríko, ó fò díẹ̀, ó tún fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó wá gbéra ńlẹ̀ pátá. Orí aránṣọ wú. Àwọn aṣọ tó ti rán láti ọjọ́ yìí wá, ilé ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ. Èyí gun afẹ́fẹ́. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ níka, kò sì tú u sílẹ̀ títí bàálù fi yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì balẹ̀.

Ìyá ló kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó bọ́ sílẹ̀ tán, ó ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ aago.

"Màmá, mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọmọ y..."

"Dákẹ́, mò ń kà."

Gbogbo wọn dúró. Ìṣẹ́jú kan pé.

"Ọkàn rẹ ń sáré, ṣùgbọ́n ó ń lù déédéé." Ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀. "Èmi gbà. Òun ni kí o lọ bi, òun ló fẹ́ bá ọ gbé."

Ọkùnrin náà yíjú sí aránṣọ. Kò tíì lanu tí aránṣọ fi sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni o, ìfẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni!" tó fò mọ́ ọn lọ́rùn.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ dé, ó wọ bàtà tuntun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó di nọ́ọ̀sì àgbà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí mú lápá.

"Ṣé o rí ọkọ ọmọ mi yẹn? Ó ń fò o. Ọmọ mi ló sì rán ìyẹ́ tó fi ń fò."