Èdè Ìyá Mi Lẹ́nu Màmá Ibiade

Ohùn ìyá bàbá mi ni mo gbọ́ láti inú yàrá rẹ̀ ní Ibiade lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n èdè ìyá mi ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi kò sí ní Nàìjíríà. Ó ti lọ sí Bulgaria, níbi tí wọ́n ti bí i, láti lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo gbé bọ̀ láti ilé wa ní Àgọ́-Ìwòyè. Lágbègbè wa, òyìnbó ni wọ́n ń pè mí. Lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi, èèyàn dúdú ni mí. Bàbá mi tó kàwé lọ́hùn-ún ti gbàgbé èdè náà. Èmi àti ìyá mi nìkan la ṣì ń sọ ọ́. Màmá, ìyá bàbá mi yìí, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Á ní, "Moyinolúwa, sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

Mo ká kọ́tìnì. Màmá nìkan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọyẹ́ ti lọ, oòrùn ń mú, síbẹ̀ ọwọ́ tó fi dì mí mú tutù bíi yìnyín. Ó pe orúkọ tí ìyá mi nìkan fi ń kẹ́ mi. Ó wá sọ ọ́ ní èdè náà, jẹ́jẹ́: "Ibí tutù jù. Má jẹ́ kí wọ́n sin mí síbí."

Fóònù mi dún. Bàbá mi ni, ẹkún ló ń sun.

"Mọ́mì rẹ ṣubú lójú pópó, kò dìde mọ́. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ sin ín lọ́hùn-ún. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ nìkan lo lè bá wa bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká gbé e wálé."

Mo pè é. Ó gbé e, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Èdè náà ló ń sọ, ṣùgbọ́n kò yé mi mọ́. Mo la ẹnu, Yorùbá nìkan ló jáde. Mo wá ọ̀rọ̀ kan, ẹyọ kan péré, n kò rí i.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ń fi èdè náà bẹ̀bẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí àbúrò ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Lójijì, ẹni tó wà lọ́hùn-ún figbe ta.

"Radka! Radka!"

Orúkọ ìyá mi nìyẹn.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, a sì sin ín sí Ibiade. Títí dòní, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà tó padà sí mi lẹ́nu.