Ẹnìkejì Hattie

Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà ní kíláàsì Hattie, ṣùgbọ́n ogún ni àpò súwíìtì tó wà lórí tábìlì ìdáná. Lorraine, ìyá Hattie, tún wọn kà. Ogún náà ni. Kò yà á lẹ́nu púpọ̀, nítorí bébà ọdún tó kọjá ló ń wò tò wọ́n, bébà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tó kọ́kọ́ gbà láti ṣètò eré Halowíìnì, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń múra bí iwin àti àjẹ́, fún àwọn ọmọ náà.

Gbogbo eré ọjọ́ náà ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa fi ẹnu já dónọ́ọ̀tì tí wọ́n fi okùn so kọ́. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú àpótí dúdú, wọ́n á kan èso àjàrà tí wọ́n ti bó, ẹnì kan á sì ní ojú òkú ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni wé-òkú. Ọmọ méjì-méjì ni: ọ̀kan á dúró gbọnrangandan, èkejì á máa fi tíṣù wé e láti orí dé ẹsẹ̀ títí olùkọ́ á fi fọn fèrè. Lorraine ti to orúkọ wọn sínú bébà náà ní méjì-méjì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ Hattie àti Wendell sí.

Ìbejì ni wọ́n. Ní oṣù kìíní, yìnyín orí adágún tó wà lẹ́yìn oko àgbàdo là mọ́ Wendell lẹ́sẹ̀, ó sì kú sómi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Hattie ò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní kò sóhun tó ṣe ahọ́n rẹ̀. Ìdí nìyí tí Lorraine fi tún gba iṣẹ́ eré yìí, òun tó ń dúró fọ aṣọ ilé ìwòsàn lójoojúmọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú. Ó rò pé bóyá ẹ̀rín lè ṣí ẹnu tí àdúrà ò tíì ṣí.

Opal, ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bá a bó èso àjàrà, na ìka sí orúkọ ìsàlẹ̀ náà.

"Kọ bébà mìíràn, Lorraine."

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá."

"Mo mọ̀. Fa ìlà kan ṣoṣo sí i nígbà náà."

Lorraine mú pẹ́ńsù, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ tó ti gbé aṣọ tútù láti àárọ̀ ò lè fa ìlà kọjá lórí orúkọ yẹn. Ó ní òun fúnra òun lòun máa bá Hattie ṣeré. Opal nu ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra sọ pé nílé tí wọ́n ti bí òun, ní ọjọ́ Halowíìnì, tó ṣáájú àjọ̀dún àwọn ẹni mímọ́, ẹnikẹ́ni kì í pe òkú tí kò bá ní lè sìn ín padà síbi tó ti wá.

Lorraine mú èso àjàrà mìíràn, ó bó o. Kò jẹ́ sọ fún un pé láti oṣù kìíní, àdúrà kan ṣoṣo lòun ń gbà kóun tó sùn: Olúwa, jẹ́ kó wá, ká kàn tún rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ara olùkọ́ wọn ò yá. Mísì Renner, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ní oṣù kẹjọ, ló dúró fún un. Ariwo gba kíláàsì. Ọmọkùnrin kan tó múra bíi màlúù ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó múra bí àjẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú àjẹ́ wo ló ń wọ bàtà eré ìje.

"Èyí tó máa sáré ju màlúù lọ," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn.

Orí àga ni Lorraine wà, ó di okùn dónọ́ọ̀tì sáàárín eyín, nígbà tí Mísì Renner mú bébà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ní méjì-méjì. Kí Lorraine tó tú okùn kúrò lẹ́nu, ó ti dé ìsàlẹ̀.

"Hattie àti Wendell."

Àwọn ọmọ bojú wo ara wọn. Mísì Renner wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Wendell dà? Áà, òun nìyẹn. Ó dáa, ẹ mú tíṣù yín."

Ẹnì kan dúró níwájú Hattie. Aṣọ ibùsùn funfun ló dà borí bí iwin, bíi ti àwọn ọmọ mélòó kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ń kán sílẹ̀ létí aṣọ tirẹ̀, tó, tó, tó. Fèrè dún. Àwọn yòókù ń sáré yí ara wọn po. Hattie ò sáré. Ó ń wé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tó ń nu ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Àjẹ́ kékeré náà wá fa aṣọ Lorraine.

"Mà, ẹ má jẹ́ kó dúró pẹ́," ó sọ ọ́ sí i létí. "Ó ń gbọ̀n."

Lorraine ṣì wà lórí àga. Ohun tó ti ń tọrọ ló wà níwájú rẹ̀ yìí, kò sì lè pè é lórúkọ.

Fèrè tún dún. Gbogbo òkú fa tíṣù ya pẹ̀lú ẹ̀rín, àfi ẹyọ kan. Hattie gbé etí sí ibi tó yẹ kí ẹnu wà. Ó gbọ́, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni tíṣù náà wó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó rin gbindin. Kò sí aṣọ nínú rẹ̀, kò sí ọmọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mísì Renner rò pé ọmọ náà ti sáré lọ tọ̀ ni.

Hattie rìn wá sídìí àga. Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mọ́mì, ó ní alaalẹ́ lẹ ń pe òun, alaalẹ́ lòun sì ń dìde. Ó ní ọ̀nà náà jìn. Ó ti rẹ òun."

Lorraine sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi náà. Ohùn tó ti ń retí láti oṣù kìíní nìyí, kò sì lè yọ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà kọjá lórí orúkọ Wendell nínú bébà náà. Nígbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba àpò súwíìtì tirẹ̀ tán, ó wo tábìlì. Ogún àpò ló gbé wá fún ọmọ mọ́kàndínlógún, síbẹ̀ kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Nínú mọ́tò, kò tíì tan ẹ́ńjìnnì tó fi gbọ́ ìró bẹ́líìtì ìjókòó tí wọ́n ń dè lẹ́yìn. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó tún dún.

"Ẹ rọra wakọ̀, Mọ́mì," ni Hattie wí. "Ó ti sùn lọ."

Lorraine ò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó dé oríta, ó fi ọ̀nà ilé sílẹ̀, ó rọra yà sí ọ̀nà itẹ́ òkú.